Edé Ẹlẹ́yin: Ọjọ́ Mẹ́fà Láti Ìjẹ̀bú-Òde Dé Ọ̀sà

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́ Ajé. Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Kánádà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé kan náà la ti dàgbà, lọ́dọ̀ màmá àgbà tó ń yan ẹja tà létí omi. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò ní British Columbia, níbi tí ilẹ̀ Kánádà ti pàdé òkun Pàsífíìkì. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń la ẹja salmon, tí wọ́n ń dì í sínú agolo, ló kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ẹja lójú odò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo ní kó tún un sọ. Kíka ẹja, bí ẹni ń ka owó.

Òun ló ní ká lọ sí etí omi. Edé odò ló fẹ́ rí, edé ńlá tí ọwọ́ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, tí màmá máa ń tò sórí wáyà tí yóò sì máa yan án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pọ́n bí ẹ̀yinná. Màmá kì í se ìkọ́kọrẹ́ láìfi sí i.

Láàárọ̀ yìí a kọ́kọ́ lọ sí ọjà Òkè-Ajé. Ẹja yìnyín kún orí tábìlì: Títù, kòtẹ́, ṣáwà, pańla, gbogbo rẹ̀ ẹja òkun tí ọkọ̀ gbé wá láti òkèèrè. Àrọ̀ náà wà nínú báfù, èyí tí wọ́n ń sìn. Mo bi ìyá kan léèrè edé odò. Ó wò mí bí ẹni tí mo béèrè èèyàn tó ti kó kúrò ládùúgbò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá sì máa wá, àwọn tó ń rà á lọ sí Èkó ti ń dúró dè é lójú omi. Owó tí wọ́n ń san, ọwọ́ tiwa ò ká a."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá, ṣé edé ló ń tán ni, àbí owó rẹ̀ ló wọ́n?"

"Bó ṣe ń tán ló ń wọ́n. Bó sì ṣe ń wọ́n ni wọ́n ń lé e kiri."

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sọ ìtàn salmon fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú odò tútù ni wọ́n ti ń pa á lẹ́yin, láàárín òkúta wẹ́wẹ́ tí omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Tó bá ti tóbi díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú òkun, níbẹ̀ ni yóò ti jẹun fún ọdún bíi mélòó kan títí yóò fi sanra. Lẹ́yìn náà ló ń padà. Imú ló fi ń mọ ọ̀nà ilé: òórùn omi tí wọ́n ti bí i kì í kúrò lórí rẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti wọ odò, kò ní jẹ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rá ara rẹ̀ nìkan ni owó ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ sockeye a máa gun odò Fraser ní British Columbia fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Ara rẹ̀ á pọ́n, orí rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Yóò yé ẹyin, yóò sì kú. Gbogbo wọn ló ń kú lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyẹn ni pé ohunkóhun tó bá mú kó náwó ju bó ṣe yẹ lọ lójú ọ̀nà, ó ti gba ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn. Omi gbígbóná wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ń mú kí ara ẹja náà tètè jó ọ̀rá rẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi gbígbóná kò sì tó ti inú omi tútù.

Ibì kan wà lójú Fraser tí wọ́n ń pè ní Hells Gate. Òkè méjì ló fún odò náà lọ́rùn níbẹ̀. Ní 1913, àwọn tó ń la ojú irin kọjá níbẹ̀ da òkúta sínú odò. Ní 1914, apá kan òkè náà tún ya lulẹ̀. Omi ibẹ̀ wá le ju agbára ẹja lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó kọ́ ọ̀nà omi tí ẹja lè gbà gòkè síbẹ̀.

"Títí dòní," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "bí omi bá tutù, sockeye á kọjá níbẹ̀. Bí ooru bá mú, tó sì ti ná ìdajì agbára rẹ̀ kó tó débẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ lè parí síbẹ̀. Ta ló wá pa á, àbúrò? Ṣé àwọn onírelùwéè 1913 ni, àbí oòrùn ọdún yìí?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo lọ sùn pẹ̀lú ìbéèrè yẹn.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Títì Òrè àti igbó J4

Títì Ṣágámù sí Òrè la gbà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí awakọ̀ dúró nítòsí afárá kan. Omi dúdú ń ṣàn bọ̀ láti ojú títì, ó ń gba ihò ẹ̀gbẹ́ afárá bọ́ sínú odò nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀. Ìka náà dúdú bí ẹni fọwọ́ ra ìdí ìkòkò.

Ó ní apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ eruku táyà. Ní agbègbè Seattle ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń rí coho, irú salmon kan, tó ń kú láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn òjò, tẹyintẹyin nínú. Wọn ò mọ ohun tó ń pa á. Oṣù Kejìlá 2020 ni àwọn onímọ̀ tó kéde ohun tí wọ́n rí. Kẹ́míkà kan ni wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà táyà kó má baà tètè sán. Bí kẹ́míkà yẹn bá pàdé ozone nínú afẹ́fẹ́, ó ń di ohun tí wọ́n pè ní 6PPD-quinone, òjò á sì gbá a wọ odò. Chum, tí òun àti coho jẹ́ ìbátan, lè wà nínú omi kan náà kí nǹkan kan má ṣe é.

"Kò sí ẹni tó jí láàárọ̀ tó ní òun ń lọ pa ẹja," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ibi iṣẹ́ ni kálukú ń lọ."

Tírélà ń já sí afárá, wọ́n ń tẹ búréèkì lọ́kan-ò-jọ̀kan. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gba títì yìí kọjá. N kò ronú kan eruku táyà rí, ó sì dùn mí.

Ọ̀sán la wọ J4, nínú igbó Omo. Ọdún 1925 ni ìjọba òyìnbó ya igbó Omo sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 130,000 hẹ́kítà, erin ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá retí igbó kìjikìji láti etí títì, ojú rẹ̀ á já a. Igi mèláínà ni a kọ́kọ́ rí, ìlà-ìlà, èyí tí wọ́n gbìn kó lè di ìwé ní iléeṣẹ́ ìwé Ìwòpin. Lẹ́yìn rẹ̀, oko kòkó. Lẹ́yìn kòkó, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, kùkùté igi ṣì ń rú èéfín.

Ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣọ́ igbó sìn wá dé etí odò kékeré kan. Mo bọ́ bàtà, mo wọ inú rẹ̀. Lábẹ́ igi, omi náà tutù bí omi àmù, mo ń rí òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yékéyéké, ẹja tíntìnní ń ta lẹ́sẹ̀ mi. A wá tẹ̀ lé odò yẹn lọ sísàlẹ̀. Kò tó igba ìṣísẹ̀ tí a fi dé ibi tí wọ́n ti gé gbogbo igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo tún wọ inú omi. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi tí ìyá ọmọ pèsè láti fi wẹ ọmọ ọwọ́. Ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ mi dé ọrùn ẹsẹ̀. N kò rí ẹja kankan.

Odò kan náà ni o. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni kà á fún mi nínú ìwé mọ́, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló jẹ́rìí.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí kùkùté kan, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn agégi ṣe sí odò salmon nìyí: igi lọ, òjìji lọ, omi gbóná. Òjò wá ń wọ́ erùpẹ̀ lọ bo òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀, ẹyin ò sì rí afẹ́fẹ́ gbà. Ní oṣù Kẹwàá 2022, ọ̀gbẹlẹ̀ mú ní British Columbia. Odò Neekas gbẹ mọ́ àwọn salmon tó ti ń bọ̀ wá yé ẹyin lọ́rùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú ẹja ló kún ilẹ̀ odò, ẹyin wọn ṣì wà nínú wọn. Ó ní òun rí fídíò rẹ̀, òun ò lè jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó ń ṣọ́ igbó fetí sí i. Ó ní, "Ẹni tó ń gbin kòkó níbí, ebi ló lé e wọlé. Ẹ bá mi wo ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó gẹdú lọ lóru. Ṣé ebi ló ń pa òun náà?"

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́ Rú. Àbígí

Òjò. A yà kúrò ní títì ńlá lápá ọ̀tún, ọ̀nà sì fìyà jẹ wá títí a fi dé Àbígí nírọ̀lẹ́. Ọ̀dọ̀ àǹtí wa kan la sùn sí. Ẹ̀bà gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ni wọ́n fi ṣe wá lálejò, kòtẹ́ láti inú fírísà ni wọ́n fi sè ọbẹ̀ rẹ̀. Ìlú yìí ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ ti etí omi, ẹja òkèèrè la sì fi jẹun nínú rẹ̀. Àǹtí wa ní ọdún púpọ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Ìwòpin àti orí ọ̀sà

Òjijì ni ọ̀sà ń yọ síni ní Ìwòpin. O ń rí ilé, o ń rí ọ̀pẹ, ló bá di omi lọ rẹrẹẹrẹ.

Ọ̀sà Lẹ́kìí nìyí. Ó fẹ̀ tó 247 kìlómítà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìn ju mítà mẹ́ta lọ. Odò Òní ń wọ inú rẹ̀ láti apá àríwá sí ìlà-oòrùn, odò Ọ̀ṣun ń wọ inú rẹ̀ láti apá àríwá sí ìwọ̀-oòrùn. Omi rẹ̀ kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló ń gbà lọ bá ọ̀sà Èkó, Èkó ló sì ti ń bọ́ sínú òkun.

Ọ̀nà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ edé wa wà. Ẹ̀gbọ́n mi fi igi yà á sórí iyanrìn kí n lè mọ̀ ọ́n. Salmon ń sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun nínú iyọ̀, ó ń gòkè wá bímọ nínú omi tí kò níyọ̀. Edé odò ṣe òdìkejì rẹ̀. Òkè, nínú omi tí kò níyọ̀, ló ń jẹun tó ń dàgbà sí. Bí òjò bá ti kún odò, abo edé á di ẹyin mọ́ abẹ́ ikùn, á bá ìṣàn omi lọ sísàlẹ̀, síbi tí omi odò ti pàdé omi iyọ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ kò lè yè láìsí iyọ̀ díẹ̀ nínú omi. Tí àwọn ọmọ náà bá ti lágbára díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọ́ gòkè padà. Ohun tó bá dí ọ̀nà yẹn, lókè tàbí nísàlẹ̀, ìran edé ló dí. Salmon náà kò yàtọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìlàjẹ kan ló tù wá. Ọkọ̀ pákó ni, ẹ́ńjìnnì wà nídìí rẹ̀. A kò tíì rìn tó ìdajì wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ké, tó sì kú. Ewéko orí omi ló lọ́ mọ́ ọn. Ọmọkùnrin náà ti ọ̀bẹ bọnu, ó bọ́ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrò. A mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àlejò, ewéko elódòdó aláwọ̀ àlùkò yìí. Ọdún 1984 ló wọ ilẹ̀ wa láti apá Bàdágìrì. Àwọn àgbà ní òjúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí òjúoró, n kò rí òṣíbàtà. Àlejò ti gba orí omi lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Bí ọmọkùnrin náà ṣe ń ju ewé tó gé sínú ọkọ̀, mo mú ọ̀kan, mo gbọn gbòǹgbò rẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Gbòǹgbò náà rí bí irun tí a kò yà. Nǹkan tíntìnní kan jábọ́, ó ń ta. Ọmọ edé ni, ara rẹ̀ mọ́ gaara bí gíláàsì, kò tó ìdajì èékánná mi. Mo tún gbọn òmíràn, méjì tún jábọ́. Ó dá mi dúró. Ewé tó dí ọkọ̀, tó ń bo ojú omi títí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ fi ń tán, òun náà ló fi àwọn ọmọ edé yìí pamọ́ kúrò lójú ẹja ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ omi ṣe ẹjọ́ aláre àti ẹlẹ́bi, kó kọ́kọ́ wá gbọn gbòǹgbò yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn la dé ibi tí omi Ọ̀ṣun ti ń wọlé. Ìlà kan wà lójú omi, bí ìgbà tí a da tíì sínú omi tí kò tíì pò pọ̀: ìhín dúdú, ọ̀hún pọ́n. Ọ̀ṣun máa ń gbé erùpẹ̀ nígbà òjò, kò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè, ní apá Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fáwọn èèyàn kí wọ́n má mu omi odò náà. Odò tí àwọn ìyá wa ń mu omi rẹ̀ nítorí ọmọ! Inú mi ru nígbà náà, ó tún ru lónìí. Omi tí wọ́n bá bà jẹ́ níbẹ̀, ibí ló ń bọ̀. Láàárín òkè yẹn àti ibí, dáàmù Aṣéjìrẹ́ tún wà lójú Ọ̀ṣun. Ó ń fún Ìbàdàn lómi, n kò sì ní kí Ìbàdàn má mu omi. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí edé tó kéré bí èékánná yóò ṣe gun ògiri dáàmù.

Lọ́nà jíjìn, a gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn. Ọmọ atukọ̀ ní ibi tí wọ́n ń fà á yẹn ni èpìyà ti máa ń walẹ̀ yé ẹyin sí tẹ́lẹ̀. Ilé ni wọ́n ń fi yanrìn náà kọ́. Èmi náà kọ́ ilé.

A dé abúlé tí a ń lọ nígbà tí oòrùn ń wọ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́ Ẹtì. Abúlé orí omi

Kí ilẹ̀ tó mọ́, a bá bàbá kan lọ yẹ ìgèrè wò. Bàbá yìí mọ màmá wa, ó ní màmá a máa jà lórí owó, kì í sì í jẹ gbèsè. Ogójì ìgèrè ló dẹ, ẹ̀kùrọ́ ló fi ṣe ìjẹ. Bó ṣe ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, omi ń ro jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ láti ara ọparun rẹ̀. Òfo. Òfo. Akàn kan. Òfo. Edé kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, edé mẹ́rìnlá ló wà nínú agbọ̀n. Bàbá ní nígbà tí òun wà ní géńdé, ìgèrè márùn-ún yóò kó ju ìyẹn lọ.

Mẹ́ta nínú wọn lẹ́yin. Mo tọrọ ọ̀kan, mo gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ sínú omi díẹ̀. Abẹ́ ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin wínníwínní tó so mọ́ ara wọn. Àwọ̀ wọn ti ń kúrò ní ọsàn, ó ti ń di eérú, bí mo sì ṣe súnmọ́ ọn, mo rí àmì dúdú méjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ni. Edé náà ń fi àwọn ẹsẹ̀ kékeré abẹ́ ikùn rẹ̀ fẹ́ wọn, ó ń fẹ́ wọn, bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ lóru ọ̀gbẹlẹ̀. Inú ọwọ́ èèyàn ló wà, lọ́jọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ, kò dáwọ́ dúró.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kì í dá elẹ́yin padà?"

"Bí mo bá dá a padà, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ò ní dá a padà. Elẹ́yin gan-an ni àwọn ará Èkó fẹ́ràn."

Nígbà tí a padà dé, ìyàwó bàbá ń koná ààrò. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Bàbá ní òjò ló bà á jẹ́: kì í rọ̀ nígbà tó yẹ mọ́, tó bá sì rọ̀, àrọ̀ọ̀rọ̀tán ni, omi á kún lójijì kó tún fà lójijì, edé ò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ní irọ́ ni. Ó ní àwọ̀n olójú wẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀fọn ò lè gbà kọjá ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń da gàmálíìn sínú odò lóru, tí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí á fi léfòó kí ilẹ̀ tó mọ́. "Òjò ló ń da gàmálíìn ni?"

Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n ti ń da gàmálíìn nígbà tí edé ṣì pọ̀."

Mo rí i pé òótọ́ ni ẹnu àwọn méjèèjì ń sọ. Ìdí nìyẹn tí ìjà náà kò fi parí láti ọdún wọ̀nyí wá.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ ọ̀rọ̀ Fraser fún wọn, ní Yorùbá tó mọ́. Ní 2009, wọ́n ń retí sockeye tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Èyí tó dé kò tó mílíọ̀nù méjì. Àwọn apẹja ń bínú sí àwọn tó ń sin salmon nínú àwọ̀n lójú òkun, àwọn yẹn ní omi òkun ló gbóná, àwọn mìíràn ní àpajù ni. Ìjọba yan adájọ́ kan, Bruce Cohen, kó wádìí rẹ̀. Ní 2012 ó parí iṣẹ́. Kò rí ẹyọ ohun kan tó lè tọ́ka sí pé òun nìkan ló ṣe é. Ohun tó rí ni ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń ti ara wọn lẹ́yìn: omi tó ń gbóná, àrùn, ibùgbé ẹja tó bà jẹ́, ìdọ̀tí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé 2009, nǹkan bíi mílíọ̀nù lọ́nà ọgbọ̀n ló padà wá, gbogbo ayé ń jó. Nígbà tó fi máa di 2020, èyí tó dé kò tó 300,000.

Bàbá ní, "Ta ló kà á?"

"Àwa ni, Bàbá. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ohùn wo inú omi. Níbi tí omi bá ti mọ́, èèyàn ló ń jókòó lórí afárá, tó ń fi ojú kà á lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́ nígbà tó bá ń gòkè."

Bàbá wo inú agbọ̀n rẹ̀. "Láti ọmọdé ni mo ti ń pa edé. N kò kà á rí. Mo ń tà á ni."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí dé nìyẹn. Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ ti fi ogójì ọdún jiyàn lórí nǹkan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà. Àwọn tó ń wa góòlù lókè, àwọn tó ń fa yanrìn, àwọn tó ń gé gẹdú, gbogbo wọn ló mọ iye tí wọ́n ń kó. Edé nìkan ni kò ní ìwé.

Lálẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ààrò, ìyá béèrè bóyá ibì kan wà tí edé ti tán pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ti Sẹ̀nẹ̀gà fún un. Ní 1986 ni wọ́n parí dáàmù Diama lẹ́nu odò Sẹ̀nẹ̀gà kí omi iyọ̀ má baà wọ oko mọ́. Irú edé tiwa yìí ló wà nínú odò náà. Dáàmù dí i lọ́nà, ó sì pòórá lókè odò. Edé ló máa ń jẹ ìgbín kékeré inú omi tí àtọ̀sí ajá ń gbà ran èèyàn. Edé lọ, omi tí kò níyọ̀ mọ́ sì tún tẹ́ ìgbín lọ́rùn, wọ́n pọ̀ sí i, kò pẹ́ tí àrùn náà fi gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìlú etí odò.

Ìyá ká ọwọ́ lérí. Ó ní kó sọ èyí tó dáa.

Ó sì ní èyí tó dáa. Lójú odò Klamath, ní ààlà Oregon àti California, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n wó dáàmù mẹ́rin tó dí salmon lọ́nà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn ní 2023, wọ́n parí rẹ̀ ní 2024. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà gan-an, salmon ti kọjá ibi tí dáàmù wà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí irú rẹ̀ ti débẹ̀ kẹ́yìn.

"Ọgọ́rùn-ún ọdún?" ni bàbá wí. "Ta ló wá júwe ọ̀nà fún un?"

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìpadàbọ̀

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, mo rí ọmọ-ọmọ bàbá, ọmọbìnrin bí ọdún mẹ́wàá, tó dúró nídìí ògiri ilé ẹja. Ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fa ìlà mẹ́rìnlá sára pákó, ó yí mẹ́ta ká. Bàbá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe, kò wo ọ̀dọ̀ wa.

"Èwo ni èyí tó o yí ká?" ni mo bi í.

"Elẹ́yin," ló wí. "Bàbá ní kí n yà á sọ́tọ̀. Wọ́n ní tí òjò bá rọ̀ kí n fi àmì sí i."

Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní ìwé àti bírò. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ní pákó náà lòun máa lò, torí èéfín ò ní jẹ́ kí ìwé pẹ́. Mo fún un ní nọ́ńbà mi.

Ọ̀nà gígùn ni ìpadàbọ̀. A ra edé mẹ́fà, n kò jẹ́ kí wọ́n fi elẹ́yin kankan sí i. Mo se ìkọ́kọrẹ́ lálẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, ó kó gbogbo èèpo edé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bí màmá ṣe máa ń ṣe.

Mo fi èyí kún un ní Ọjọ́ Ajé. Fóònù dún láàárọ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wà lẹ́yìn ohùn ọmọbìnrin náà. "Ẹ káàárọ̀ mà. Àná, mọ́kànlá, elẹ́yin mẹ́rin. Lónìí, mẹ́sàn-án, elẹ́yin méjì. Òjò rọ̀ lánàá, lónìí kò rọ̀. Bàbá da elẹ́yin kan padà."